Ọwọ́ Kan Kò Gbọdọ̀ Dá Àṣẹ Kọ̀ǹpútà Mú



Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi sábẹ́ ẹní. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, ta ló láṣẹ lórí kọ̀ǹpútà tí owó oṣù wa, owó ìfẹ̀yìntì wa àti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wa wà nínú rẹ̀? Nígbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé, kò sẹ́ni tó ń béèrè. Nígbà tó bá bàjẹ́, akọ̀wé kékeré ni wọ́n ń kọ kúẹ́rì sí. A ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yé ara wa. Àgbà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní mainframe ni ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ ńlá àti ìjọba káàkiri ayé fi ń ṣírò owó àìmọye ènìyàn lóru ọjọ́ kan. Kì í ṣe gbogbo àṣẹ tí a ń tẹ̀ sí i ló léwu. Àṣẹ tó ní kó fi orúkọ ẹnìkan hàn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n àṣẹ wà tó lè dá gbogbo ẹ̀rọ náà dúró. Òmíràn wà tó lè nu ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ féfé. Òmíràn lè gé iṣẹ́ owó oṣù sí méjì láàárín òru, kí àwọn kan gbowó, kí àwọn yòókù máa wojú ara wọn. Èyí tó burú jù ni àṣẹ tó lè pa àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà rẹ́.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà láti dè é. Ní 1976, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ni IBM gbé ètò kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ RACF. Pẹ̀lú ètò yìí, olúkúlùkù ń fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé. Kọ̀ǹpútà a wò bóyá ẹni náà láṣẹ lórí ohun tó fẹ́ fọwọ́ kàn. A sì kọ ohun tó ṣe sílẹ̀. Agbára ẹni tó ń fúnni láyè, tí wọ́n ń pè ní SPECIAL, yàtọ̀ sí agbára ẹni tó ń ṣọ́ ohun tí a ṣe, tí wọ́n ń pè ní AUDITOR. Ilé iṣẹ́ tó bá gbọ́n kì í kó méjèèjì lé ènìyàn kan lọ́wọ́. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí irinṣẹ́ yìí ti wà. Kí ọ̀gá kankan má wá purọ́ fún wa.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ọba. Ní oṣù Òkúdù 2012, ilé ìfowópamọ́ RBS, tó ni NatWest àti Ulster Bank, fi ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò owó oníbàárà lóru. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n yọ ọ́ kúrò láìkọ́kọ́ dán an wò bóyá yíyọ náà kò ní dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ni ìyà náà kàn. Àwọn kan há sí ilẹ̀ òkèèrè láìrí owó ná. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kò rí owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn san. Ní oṣù Bélú 2014, àwọn aláṣẹ ìjọba ibẹ̀ bu ìtanràn £56 mílíọ̀nù lé ilé ìfowópamọ́ náà. Ẹ ṣàkíyèsí: wọn kò ní akọ̀wé kan ló jẹ̀bi. Wọ́n ní ìṣètò àti ìkóra-ẹni-níjàánu ilé iṣẹ́ náà ni kò dára.

Ní ilé níbí ńkọ́? Ní oṣù Èrèlé 2016, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun yọ orúkọ ayédèrú òṣìṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000 kúrò nínú ìwé owó oṣù. Orúkọ kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ìwé owó oṣù. Ẹnìkan ló kọ ọ́ síbẹ̀, ẹnìkan ló sì fọwọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà tiwa lè má tóbi tó ti ìlú Ọba, ṣùgbọ́n àṣẹ tó lè sọ òkú di alààyè lórí ìwé owó oṣù léwu bákan náà.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. Pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni ènìyàn márùn-ún ń lò. Wọ́n á kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tábìlì. Ọ̀gá á ní, "Bá mi fi tìrẹ wọlé, mo ń kánjú." Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọlọ́pàá, orúkọ ta ni kọ̀ǹpútà máa dá? Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà ní Nàìjíríà láti 2015. Orúkọ rẹ tí wọ́n fi wọlé ni wọn yóò fi mú ọ, kì í ṣe orúkọ ọ̀gá.

Àwọn ọ̀gá ní bí a bá dín agbára kù, iṣẹ́ á máa falẹ̀. Iṣẹ́ tó yá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó wá bàjẹ́ fún oṣù kan, èwo ni yíyá rẹ̀? Àwọn kan nínú wa náà ń sọ pé bí wọ́n bá gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn, àbùkù ni. Rárá o. Àṣẹ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀sùn rẹ̀ kò lè wá sí ilé rẹ.

Àwa ará Ẹ̀gbá ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ Aláké di aláṣẹ kan ṣoṣo lórí ìlú, àwọn ìyá wa, pẹ̀lú Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti níwájú, kọ̀ jálẹ̀ nítorí owó orí. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1949, Ọba Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀. Ó padà sórí ìtẹ́ ní ìparí 1950. A kò sọ èyí láti tàbùkù ọba. Ohun tí à ń sọ ni pé gbogbo àṣẹ tí a bá kó sí ọwọ́ kan yóò fi ìlú sínú wàhálà, yóò sì kó ìdààmú bá ẹni tó dì í mú pàápàá.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka wa ń béèrè nìyí:

1. Kí olúkúlùkù ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ọ̀gá tó bá gba ti ọmọ iṣẹ́ lò, kí òun náà gba kúẹ́rì.

2. Kí wọ́n kọ gbogbo àṣẹ tó léwu sílẹ̀, kí ènìyàn méjì sì máa fọwọ́ sí i kí a tó lo èyíkéyìí nínú wọn.

3. Kí pásíwọ́ọ̀dù pàjáwìrì wà nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, nínú séèfù, kí ẹni tó bá ṣí i kọ orúkọ, aago àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

4. Kí àkọsílẹ̀ ohun tí a ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tí kò lè lo àwọn àṣẹ náà. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ọmọ ẹgbẹ́, kí aṣojú wa rí i.

5. Kí wọ́n má fi ẹnikẹ́ni sídìí ẹ̀rọ tí wọn kò kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó.

Títí wọn yóò fi gbà, kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má fi pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Bí ọ̀gá bá fi dandan mú ọ, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó kọ ọ́ sínú ìwé kó sì fọwọ́ sí i. Mú ẹ̀dà ìwé náà tọ akọ̀wé ẹ̀ka wá. Ìyókù, ó di ọwọ́ gbogbo wa.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!