Ta Ni William Onyeabor? Ẹ̀kọ́ Inú Àwo Àkójọ Kan fún Olùkọ́ Yorùbá

Láàárín ọdún 1977 sí 1985, ọkùnrin kan ní ìlú Enugu, William Onyeabor, gbé àwo orin mẹ́jọ jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Wilfilms. Dùùrù oníná mànàmáná àti ẹ̀rọ tí ń dá ìlù lù ni ó fi ṣe orin ijó, nígbà tí ọ̀pọ̀ olórin Nàìjíríà ṣì gbára lé gìtá, fèrè àti ìlù awọ. Nígbà tí ó yá, ó pa orin tì, ó di onígbàgbọ́ tòótọ́, ó sì gbájú mọ́ òwò. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Luaka Bop tí David Byrne dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣa díẹ̀ nínú àwọn orin náà jọ sínú àwo kan. Ìbéèrè ni wọ́n fi ṣe àkọ́lé rẹ̀: Who Is William Onyeabor? Ìyẹn ni pé, ta ni William Onyeabor?

Ó yẹ kí ìbéèrè yìí ká ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lára. Kì í ṣe òkú ni wọ́n ń bèèrè. Ọkùnrin náà wà láàyè ní Enugu, olóyè ni, oníṣòwò ni. Oṣù Kínní ọdún 2017 ni ó tó di olóògbé. Ọ̀kan nínú àwọn orin inú àwo náà ń jẹ́ Good Name, èyí tí í ṣe orúkọ rere. Ẹni tí ó kọrin nípa orúkọ rere ni ayé wá ń bèèrè ẹni tí í ṣe. Lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìgbà tí ó ń kọrin, nítorí náà kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi náà ru àwọn ará ilé. Síbẹ̀, bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ti kọ nípa àwọn àwo náà nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun, ìbéèrè náà kì bá tí gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ọpẹ́ ni ó tọ́ sí àwọn àjèjì tí ó náwó nára sí irú iṣẹ́ yìí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣa nǹkan jọ ni ó ń pinnu èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Òun náà ni yóò sì sọ ọ́ lórúkọ. Abẹ́ ọ̀wọ́ kan tí wọ́n pè ní World Psychedelic Classics ni wọ́n to àwo Onyeabor sí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tirẹ̀ ni ẹni òkèèrè wò.

Ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún orin Yorùbá. Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Shanachie, ní Amẹ́ríkà bákan náà, gbé àkójọ orin àtijọ́ King Sunny Adé jáde. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Onyeabor fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin tirẹ̀. Jùjú, sákárà àti àpàlà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwo Oroki Social Club tí Haruna Ishola gbé jáde ní ọdún 1971. Ẹni tí kò mọ̀ pé Òròkí ni oríkì Òṣogbo, tí kò mọ ipò ẹgbẹ́ afẹ́ nínú àwùjọ ìgbà náà, tí kò sì gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ, ijó nìkan ni yóò gbọ́. Oríkì, òwe àti orúkọ àwọn tí a kì yóò bọ́ sọnù.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ nílé náà kò sàn jù. Wọn a da ọgọ́rùn-ún orin àtijọ́ sórí mẹ́mórì káàdì kan, láìsí ọdún, láìsí orúkọ onílù. Ìdì ni ìyẹn, kì í ṣe àkójọ. Àkójọ gidi gbọ́dọ̀ ní àlàyé.

Iṣẹ́ yìí kò ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìwó lọ. Kí olúkúlùkù wá àwo kan láàárín àwọn àgbà, kí ó kọ ọdún àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó da ọ̀rọ̀ orin náà kọ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó bèèrè àwọn tí orin náà dárúkọ, kí ó sì mú ìlù rẹ̀ tọ àyàn lọ fún ìtumọ̀. Kì í ṣe pé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà orin náà tà, nítorí olórin ni ó ni ín. Àlàyé ni kí wọ́n kó jọ sí ẹ̀ka Yorùbá, kí olùkọ́ lítírésọ̀ alohùn lè rí i lò.

Àwọn tí ó jó sí orin wọ̀nyí lọ́dún 1971 ti ń dín kù. Bí ẹni òkèèrè bá tún dé lọ́la pẹ̀lú ìbéèrè ta ni, ó yẹ kí ó bá ìdáhùn nílé.