Ọba Pàápàá Wà Lábẹ́ Òfin: Àwọn Ìwé Tí Ó Yẹ Kí A Kà Nípa Òmìnira

  Ìwé nípa ìgbéyàwó, ọmọ títọ́ àti àdúrà ni a sábà máa ń tọ́ka sí fún yín níbí. Lóṣù yìí, ìwé nípa òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè àti òmìnira ará ìlú ni a fẹ́ gbà yín níyànjú láti kà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá nítorí pé ó rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, kí ó jọ̀wọ́ dúró ná, kí ó gbọ́ ohun tí ojú wa rí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọlọ́pàá kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa lóru. Ọmọ opó kan nínú ìjọ wà lára wọn. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń kọ́, ibi iṣẹ́ ni ó sì ti ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ sáré wá bá wa ní òwúrọ̀. A gbàdúrà, a sì bá a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kí a lọ, kí a padà wá lọ́la. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dárúkọ owó. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá náà ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ohun kan ṣoṣo tí àwa mọ̀ láti ṣe ni kí a máa bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa."

Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá Tíṣà, àgbà kan nínú ìjọ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ní òun yóò bá wa lọ. Ó mú ìwé kékeré kan tí ó ti gbó lọ́wọ́. Bàbá kò jà, kò sì pariwo. Ó kí ọ̀gá àgọ́ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ bá mi wo ibí yìí, ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Ọ̀gá náà gba ìwé, ó kà á, ó wo Bàbá lójú, ó tún un kà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ opó ti jáde, a kò sì san kọ́bọ̀.

Ìwé tí Bàbá mú lọ́wọ́ ni ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ojú tì wá. Àwa tí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, tí ìwé kún ilé wa, a kò tíì ṣí ìwé yẹn rí. Ohun tí ó tún dùn wá jù ni pé bí a ti ń jáde, àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n kó ní òru kan náà ṣì wà ní àtìmọ́lé, tí wọ́n ń wò wá láti ẹ̀yìn irin. Kò sí ẹni tí ó mú ìwé wá nítorí tiwọn. Ní ọjọ́ kejì, a padà lọ pẹ̀lú Bàbá nítorí wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, àwa ni a mú ìwé náà lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà. Àwọn tí ó ṣe wá láǹfààní jù nìyí.

1. Bíbélì fúnra rẹ̀. Ẹ ka Deutarónómì 17, ẹsẹ 14 sí 20. Ọba tuntun ní láti jókòó da òfin kọ fún ara rẹ̀, kí ó sì máa kà á títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, kí ó má baà rò pé òun ga ju àwọn ará òun lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìtàn Nábótù nínú Àwọn Ọba Kìíní 21. Áhábù jẹ́ ọba, síbẹ̀ kò lè ṣàdédé gba ọgbà àjàrà aládùúgbò rẹ̀. Ẹlẹ́rìí èké àti ẹjọ́ èké ni Jésébẹ́lì fi gbà á fún un, Ọlọ́run sì bi wọ́n. Ẹ̀kọ́ kan náà, pé ọba pàápàá wà lábẹ́ òfin, ni ẹ óò máa bá pàdé nínú àwọn ìwé tí ó kù.

2. Magna Carta, èyí tí í ṣe Ìwé Àdéhùn Ńlá. Ọba John ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ipá gba owó lọ́wọ́ àwọn ìjòyè rẹ̀ láti fi jagun, ó sì ń ti ènìyàn mọ́lé bí ó ti wù ú. Ní oṣù kẹfà ọdún 1215, àwọn ìjòyè náà mú un dé pápá Runnymede lẹ́bàá odò Thames, ó sì fi èdìdì lu àdéhùn. Ẹ wá abala 39 àti 40. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ti ẹni tí kì í ṣe ẹrú mọ́lé láìsí ìdájọ́ tí ó bá òfin mu, àti pé ọba kò gbọdọ̀ ta ìdájọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ fi falẹ̀. Ẹ rántí opó tí ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ! Kí a má parọ́, kì í ṣe mẹ̀kúnnù ni àwọn ìjòyè náà ń rò. Póòpù Innocent III sì fagi lé ìwé náà kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ṣùgbọ́n wọ́n tún un gbé jáde ní 1216, 1217 àti 1225, ìran tí ó tẹ̀ lé e kò sì jẹ́ kí ó kú.

3. Lex, Rex. Pásítọ̀ bí tiwa ni ó kọ èyí, Samuel Rutherford ti ilẹ̀ Scotland, ní ọdún 1644. Látìn ni àkọlé rẹ̀. Òfin ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà ni ó wá kan ọba. Ní àkókò tí àwọn kan ń kọ́ni pé Ọlọ́run nìkan ni ọba ń jíhìn fún, Rutherford fi ìbéèrè 44 àti ìdáhùn wọn ṣàlàyé pé lóòótọ́ ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni àṣẹ ti wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ará ìlú ni ó gbà dé ọwọ́ ọba, pẹ̀lú àdéhùn. Nígbà tí Ọba Charles Kejì padà sórí ìtẹ́ ní ọdún 1660, wọ́n sun ìwé náà ní gbangba, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Rutherford, wọ́n sì pè é wá jẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀. Orí ibùsùn àìsàn ni ìpè náà bá a. Ó kú ní ọdún 1661 kí wọ́n tó lè dá a lẹ́jọ́. Ìwé náà le díẹ̀ láti kà. Ẹ mú un ní ìbéèrè kan lójúmọ́.

4. Two Treatises of Government ti John Locke (1689) àti The Spirit of the Laws ti Montesquieu, ará Faransé (1748). Locke sọ pé ìyọ̀ǹda ará ìlú ni ìjọba fi ń jẹ́ ìjọba. Apá kejì ìwé rẹ̀ nìkan tó fún ẹni tí kò ní àkókò. Montesquieu sọ pé bí ẹni tí ń ṣòfin bá tún ń mú un ṣẹ, tí ó sì tún ń dájọ́, òmìnira ti tán. Àwọn baba wa náà mọ èyí, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín kà wọ́n o. Locke yìí kan náà ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí ń kó ènìyàn lẹ́rú láti etíkun Áfíríkà. Ẹnu lè mọ òdodo kí ọwọ́ má mọ̀ ọ́n.

5. The Federalist àti ìtàn Frederick Douglass. Ní ọdún 1787, àwọn ará Amẹ́ríkà kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní Philadelphia. Kí àwọn ará New York lè gbà á, Alexander Hamilton, James Madison àti John Jay kọ àpilẹ̀kọ 85 lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Publius. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkọkànléláàádọ́ta, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni àwọn alákòóso, nítorí náà kí a pín agbára, kí apá kan lè máa dá apá kejì lẹ́kun. Irú ètò ìjọba Ààrẹ yìí ni Nàìjíríà mú lò ní ọdún 1979.

Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà yẹn gba oko ẹrú láàyè títí di ọdún 1865. Nítorí náà, ẹ fi ìwé tí Douglass kọ nípa ayé ara rẹ̀ ní 1845 tẹ̀ lé e. Ẹrú ni a bí i ní Maryland. Ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní ábídí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní kí ó dáwọ́ dúró, pé ẹrú tí ó bá mọ̀wé kò ní ṣeé mú lẹ́rú mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ó la ojú ọmọ náà. Ó fi ọgbọ́n kọ́ ìwé kíkà, ó sì sá kúrò lóko ẹrú ní ọdún 1838.

6. The History of the Yorubas. Pásítọ̀ ni Samuel Johnson náà, ní Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé yìí ní 1897, ṣùgbọ́n ó sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, ó sì jáde ní 1921. Ẹ kà nípa Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn. A ń kí ọba ní Kábíyèsí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí Aláàfin bá ṣìkà jù, àwọn ìjòyè yìí lè kọ̀ ọ́, ikú ni yóò sì bá a lọ. Ẹ má dúró níbẹ̀ o. Ẹ ka ti Baṣọ̀run Gáà, tí ó sọ agbára ìdènà yìí di ohun ìjà ara rẹ̀, tí ó ń ti ọba kan tẹ̀ lé òmíràn sínú ikú, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀. Òun ni a ṣe ń sọ pé bí o bá láyà, kí o ṣèkà. Bí o bá rántí ikú Gáà, kí o ṣòótọ́. Ẹni tí ń ṣọ́ ọba pàápàá nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ òun.

7. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999. Ìjọba ológun ni ó gbé e jáde, bí ó tilẹ̀ sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ará ìlú ni ó ṣe é. Ó ní àbùkù, wọ́n sì ti tún un ṣe nígbà mélòó kan. Síbẹ̀, ẹ ka Orí Kẹrin, láti abala 33 sí 46. Abala 35 ni Bàbá Tíṣà fi han ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó sọ pé ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹni tí ó bá yàn sọ̀rọ̀, pé láàárín wákàtí 24 kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un ní èdè tí ó gbọ́, àti pé bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi mú un débẹ̀. Abala 36 sọ pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi títí a ó fi fi ẹ̀rí hàn. Abala 46 sì ṣí ọ̀nà ilé ẹjọ́ gíga sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú.

Ẹnìkan lè béèrè pé, "Pásítọ̀, ṣé Róòmù 13 kò ní kí a tẹrí ba fún aláṣẹ?" Ó ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kan náà tí ó kọ ọ́ ni ó bi balógun ọ̀rún léèrè, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 22, bóyá ó bófin mu láti na ọmọ ìlú Róòmù tí a kò tíì dá lẹ́jọ́. Pọ́ọ̀lù bọ̀wọ̀ fún aláṣẹ, ó sì mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Méjèèjì kò ta ko ara wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ ra ìwé òfin yìí. Wọ́n ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́ àti ní ilé ìtàwé. Ẹ kà á lẹ́yìn àdúrà ìdílé, abala kan lọ́sẹ̀. Kí ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá tí kò gbọ́. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ fi Orí Kẹrin ṣe ìdánwò láàárín ara wọn. Bí a bá sì ti mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó mọ sí orí ọmọ tiwa nìkan. Ojú àwọn ọmọ tí wọ́n ń wò wá láti ẹ̀yìn irin kò tíì kúrò lọ́kàn wa.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n àti ìgboyà. Ó di oṣù tí ń bọ̀.