Àwọ̀ Ilé Iṣẹ́ Yín: Ta Ló Lè Kà Á?

Ẹ̀yin ará wa, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ òwò la bá wá lónìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Tí èèyàn bá fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, àwọ̀ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń jà lé lórí. Ọ̀gá fẹ́ pupa nítorí iná Ẹ̀mí, ìyàwó ọ̀gá fẹ́ àwọ̀ wúrà, ọmọ tó ń ṣe dísáìnì fẹ́ ohun tó ń dán yinrin. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé: ṣé màmá tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ máa lè kà á? Lójú tiwa, ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Hábákúkù orí 2 ti mọ ibi tí à ń lọ.

Ẹ wo danfo. Yẹ́lò ni, pẹ̀lú ìlà dúdú. Dúdú tó jókòó sórí yẹ́lò yẹn ni ojú ń tètè rí lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn W3C, tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, ti fi nọ́ńbà sí i: ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà kéékèèké àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 4.5 sí 1, ti lẹ́tà ńlá 3 sí 1. Dúdú lórí funfun jẹ́ 21, kò sí èyí tó jù ú lọ. Dúdú lórí yẹ́lò tó mọ́ lé ní 19. Ṣùgbọ́n ẹ fi yẹ́lò yẹn kọ̀wé sórí funfun, kò tó 1.1! Lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ ọsàn kò pé 2. Ẹ fi dúdú kọ ọ́, ó lé ní 10. Pupa lórí àwọ̀ ewé tó ki, tí a fẹ́ràn lórí bánà Kérésìmesì, 1.3 péré ni. Ará, ọ̀rọ̀ ti rì síbẹ̀.

Àwọn ìyá wa aláró ti mọ èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aró á ki, funfun á mọ́, ọnà á sì hàn ketekete.

Àwọn kan wà tí ojú wọn kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Láàárín àwọn òyìnbó, ọkùnrin 1 nínú 12 ni. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ wà lára wọn, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé búlúù lòun ń rí dáadáa jù. Ẹ tún fi ọjọ́ orí kún un. Cataract máa ń sọ ojú àgbà di bàìbàì. Glaucoma, tó wọ́pọ̀ láàárín wa, ń jí ìríran díẹ̀díẹ̀.

Rélùwéè Èkó ní Blue Line láti 2023 àti Red Line láti 2024, Green Line sì wà nínú ètò fún ọ̀nà Lekki. Tí Red àti Green bá wà lórí máàpù kan láìkọ orúkọ sí wọn lára, ẹnìkan máa sọnù. Iná ojú pópó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀: pupa lókè, àwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ àwọ̀ mọ ipò.

Owó ńkọ́? Tí áàpù ilé iṣẹ́ yín bá fi pupa nìkan sọ pé owó kò lọ, tó fi àwọ̀ ewé nìkan sọ pé ó ti lọ, bàbá kan ní Sábó lè gbé ọjà fún ẹni tí kò sanwó. Ẹ kọ ọ́ gbangba: "Ó ti lọ", "Kò lọ".

A mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé, "Pásítọ̀, àwọ̀ wa ti gbajúmọ̀, a ò lè yí i padà." A ò ní kẹ́ ẹ yí i padà. Ẹ fi àwọ̀ yẹn kun ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wá fi èyí tó ṣókùnkùn kọ̀wé sórí rẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá ṣókùnkùn, ẹ fi funfun kọ ọ́.

Kẹ́ ẹ tó tẹ sáìnbọ́ọ̀dù, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta:

1. Ẹ yí fóònù yín sí àwòrán dúdú àti funfun. Tí lẹ́tà bá pòórá, ẹ tún àwọ̀ yàn.
2. Ẹ fi àwọn àwọ̀ náà sínú ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ rí i pé ó tó 4.5.
3. Ẹ gbé e sódì kejì títì nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ ní kí àgbàlagbà kan kà á.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó dáàbò bo àwọn àkàndá ẹ̀dá láti 2011, ìjọba àpapọ̀ náà fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 2019. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de òfin. Ẹni tí kò lè ka orúkọ yín kò lè pè yín, kò sì lè ra ọjà yín. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀: ẹ ti sọ fún un láìlanu pé ẹ ò retí rẹ̀.

Ẹ ta á sí ẹni tó ń ṣe dísáìnì fún yín. Àwọ̀ wo ló wà lára sáìnbọ́ọ̀dù tiyín? Ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Olúwa á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa o.