Ṣé Àṣìṣe Ọmọ Nìkan Ni Ó Yẹ Kí A Máa Wádìí?

Mo ti ka ìwé àbá ìwádìí mélòó kan tí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń bẹ ní Côte d'Ivoire kọ, èyí tí wọ́n fẹ́ fi gba oyè lórí bí ọmọ ti ń kọ́ èdè. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wọlé. Wọn a kọ́kọ́ wí pé èdè Faransé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò dán mọ́rán. Wọn a di ẹ̀bi rẹ̀ ru èdè tí ìyá ń sọ nílé. Lẹ́yìn náà ni wọn a wá là á sílẹ̀ bí àwọn yóò ti ka àṣìṣe àwọn ọmọ náà. Mo fẹ́ bá wọn jà lórí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ẹni ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìlú Bouaké ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ Baúlé ni ìlú náà wà, ṣùgbọ́n èdè Júlà ni a fi ń ná ọjà níbẹ̀, Faransé sì ni ti ilé-ìwé àti ti ìjọba. Bí ọmọ bá wá jẹ́ ọmọ Ànàgó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá lọ́hùn-ún, tí bàbá rẹ̀ ti Èjìgbò wá ṣòwò, Yorùbá ni yóò fi kí i ní òwúrọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gba owó ọjà ní Júlà, kí ó fi Baúlé dá ọmọ aládùúgbò lóhùn, kí ó sì fi Yorùbá wí tẹnu rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ bá bá a wí. Ta ni ó kọ́ ọ ní Júlà? Kò sí tíṣà, kò sí ìwé, kò sí pátákó. Olùwádìí wa kọjá lára ìyanu yìí, ó lọ jókòó sí kíláàsì, ó ń ka àṣìṣe!

Wọn yóò wí fún mi pé Faransé ni iṣẹ́ oṣù wà nínú rẹ̀. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Bouaké gan-an ni ó yẹ kí ó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní 1971 ni ìjọba Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Bouaké sì ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe ètò náà. UNESCO lọ́wọ́ sí i, owó òkèèrè sì wọ inú rẹ̀ púpọ̀. Faransé ni wọ́n fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n pa á tì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè nìkan ni ó pa á, owó tí ó ń jẹ pọ̀ jù. N kò fẹ́ purọ́ mọ́ òkú. Síbẹ̀, bí Faransé yóò ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ ni ètò náà ń wá. Èdè tí ọmọ ti gbé wá láti ilé kò sí nínú ìṣirò rẹ̀.

Ní ọdún kan ṣáájú èyí, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dá tiwọn sílẹ̀: Yorùbá ni kí a fi kọ́ ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Ṣé àwọn ọmọ náà yóò rẹ̀yìn? Ìbéèrè tí ó lè dójú ti ẹni tí ó bi í nìyẹn, nítorí náà ni mo ṣe pè é ní ìbéèrè. Wọn kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹnìkan nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí sọ fún mi pé kò sí ẹni tí yóò fi owó sílẹ̀ fún ìwádìí lórí Yorùbá ní Bouaké, nítorí pé àlejò ni Yorùbá níbẹ̀. Faransé ńkọ́, ṣé ìlú Bouaké ni wọ́n bí i sí? Kí ó kọ ọ́ sínú àbá rẹ̀ pé òun yóò wádìí bí ọmọ Ànàgó ti ń gbọ́ Júlà láìsí olùkọ́, ilé mélòó ni òun yóò wọ̀, àti èdè tí òun yóò fi tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá. Ṣùgbọ́n kí ó tó kọ ìlà kìíní, kí ó mú ìwé pélébé lọ́wọ́, kí ó lọ jókòó ti ìyá kan ní ọjà ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ilé-ìwé dé.