Ẹ Má Lu Ihò Sí I Mọ́!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: bí òrùlé bá ń jò sórí ibùsùn yín, ṣé ẹ ó gbẹ́ ihò sílẹ̀ yàrá kí omi lè ráyè lọ ni, àbí ẹ ó gun òkè lọ wo páànù? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra o, nítorí ohun tí à ń ṣe sí mọ́tò wa ní Kirikiri nìyẹn.

Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Èbúté Tin Can kò jìnnà, ojú wa ni wọ́n ṣe ń wà wọ́n jáde. Kí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tó dé, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó, rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń sán. Òjò oṣù kẹfà á wá dé, ilẹ̀ mọ́tò á di odò. Ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe lábẹ́ igi, kí ni ẹ máa gbọ́? "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká lu ihò sí i nísàlẹ̀, omi á máa bá tiẹ̀ lọ." Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí.

Ohun tí wọ́n ṣe sí ti bàbá mi gan-an nìyẹn. Ihò méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Inú wa dùn. Àṣé ihò kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àbájáde àti àbáwọlé! Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ tí títì kún, omi gọ́tà gba ihò kan náà wọlé, ó bá àpò ẹ̀lùbọ́ tí màámi ń gbé lọ sọ́jà. Ẹ̀lùbọ́ yẹn ni owó ilé-ìwé mi ní sáà náà. Nígbà tó yá, síìtì awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. A ká rọ́ọ̀gì, a rí i pé ìpẹtà ti jẹ irin tí wọ́n fi nọ́ọ̀tù de síìtì mọ́. Orí síìtì yẹn ni bàbá mi jókòó sí tó ń sáré lójú ọ̀nà Òṣòdì lójoojúmọ́! Tó bá já ńkọ́?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa wí: "Ṣebí àwọn tó ṣe mọ́tò náà lu ihò sílẹ̀ rẹ̀?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀dà kun etí ihò tiwọn, wọ́n sì fi rọ́bà dí i. Tiwa ńkọ́? Irin lásán. Fóòmù abẹ́ rọ́ọ̀gì sì wà níbẹ̀ tó ń mu omi bíi kànìnkànìn. Ihò ẹgbẹ̀rún kò lè fún un gbẹ.

Àwọn míì á ní kò sówó. Owó wo? Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, páúdà ọmọ, tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí omi ń dúró sí kọ́ ló ti ń wọlé, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹ kọ́kọ́ dá omi náà mọ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù nígbà tí òjò kò rọ̀, tí ẹ sì ń lo A/C, páìpù tó ń da omi A/C síta ló dí. Bí ó bá ń yọ̀, tó ń rùn bí ohun dídùn, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín, hítà tí òyìnbó fi ń yá iná ló ń jò. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò nìkan, ìta ló ti ń wọlé.

Ẹ ká rọ́ọ̀gì, ẹ sá a. Ẹ bu páúdà sí gbogbo orígun. Kí ẹnì kan jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí èkejì máa da omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí rúùfù, torí omi á ṣàn dé ibi gbogbo, ẹ ò ní mọ olè. Ibi tí páúdà bá ti ní ipa omi, ẹ tọ ipa náà lọ sókè.

Ṣé ẹ mọ olè tiwa? Ewé igi fúrúùtù tí à ń páàkì sábẹ́ rẹ̀! Ó ti dí ojú ihò tí omi ń gbà lọ nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà wà. Omi kún ibẹ̀, ó gba ojú afẹ́fẹ́ wọlé. Ọwọ́ lásán ni mo fi kó o. Kọ́bọ̀ kò jáde.

Ó lè jẹ́ nylon inú ilẹ̀kùn tiyín ló ya: ẹ lẹ̀ ẹ́ padà. Ó lè jẹ́ rọ́bà gíláàsì: ẹ yọ ọ́, ẹ ha ìpẹtà, ẹ fi òmíràn sí i, ẹ má kàn fi gọ́ọ̀mù ra ojú rẹ̀.

Báyìí náà la ṣe ń fi abọ́ gbọ́n omi ní pálọ̀, tí nylon píọ̀wọ́tà sì dí gọ́tà iwájú ilé. Ó ti tó! Bí ẹ bá délé, ẹ ká rọ́ọ̀gì mọ́tò bàbá yín wò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé dírílù dé, ẹ bi í: omi yìí, níbo ló ti ń wọlé? Bí kò bá lè dáhùn, kó gbé dírílù rẹ̀ máa lọ.