Èdè Ni Ògiri Tó Lanu

Ohun tí ọ̀pọ̀ yunifásitì Nàìjíríà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba oyè másítà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tí ó sì fẹ́ fi ààbò orí ayélujára ṣe àkànṣe, kò ṣàjèjì. Wọ́n ń béèrè oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀kọ́ tó bá a tan, àti kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò àṣekágbá girama, tí ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ sí lẹ́yìn níbẹ̀. Bí ó bá wọlé tán, yóò kọ́ ẹnà ìgbàlódé tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, yóò kọ́ bí a ṣe ń tọpasẹ̀ ọ̀daràn nínú ẹ̀rọ, yóò sì kọ àpilẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bi í pé: èdè wo ni àwọn tí o fẹ́ dáàbò bò ń sọ?

Àléébù ńlá nìyí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu tí ògiri yìí là, èdè ni. Láti ìgbà tí BVN ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014 ni àwọn gbájú-ẹ̀ ti ń fi í ṣe ìjẹ. Wọn kì í já ilẹ̀kùn. ‘Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, báńkì yín ni a ti ń pè.’ Ìkíni, ẹ̀bẹ̀ àti ‘ẹ’ ọ̀wọ̀ ni irin iṣẹ́ wọn. Onílé fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣílẹ̀kùn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015, tí a tún ṣe ní 2024, lè fìyà jẹ olè, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ màmá náà bí a ṣe ń dá ohùn ẹ̀tàn mọ̀.

Àwọn kan yóò ní nọ́ńbà nìkan ni kọ̀ǹpútà gbọ́. Kí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2016, nígbà tí àwọn olè gbìyànjú láti kó owó tó súnmọ́ bílíọ̀nù kan dọ́là nínú àpamọ́ báńkì àpapọ̀ Bangladesh ní New York. Mílíọ̀nù 81 dọ́là bọ́ sí Philippines. Mílíọ̀nù 20 tó ń lọ sí Sri Lanka kò bọ́, nítorí pé wọ́n kọ ‘fandation’ dípò ‘foundation’, òṣìṣẹ́ báńkì kan sì fura. Sípẹ́lì ni ó gba owó náà là.

Ewu náà wà nínú àwọn álífábẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ yìí pẹ̀lú. Láti 2003 ni ìlànà ti gbà kí àdírẹ́sì orí ayélujára lo lẹ́tà tí kò sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Àmì abẹ́ lẹ́tà nìkan ni ó ya ‘e’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘ẹ’. Bí a bá fa ìlà sí abẹ́ àdírẹ́sì, ìlà náà lè gbé àmì mì. Bẹ́ẹ̀ ni ‘ị’ àti ‘ụ’ Ìgbò, bẹ́ẹ̀ sì ni ‘ɗ’ àti ‘ƙ’ Haúsá, rọrùn láti ṣì mú fún ‘i’, ‘u’, ‘d’ àti ‘k’. Kọ̀ǹpútà mọ ìyàtọ̀ wọn. Ojú ènìyàn ni a ń tàn jẹ. Ta ni ó mọ ojú àti etí ènìyàn tó onímọ̀ èdè?

Ohun tó yẹ kò pọ̀. Kí a fi kírẹ́díìtì nínú èdè Nàìjíríà kan kún ohun tí a ń béèrè. Kí ẹ̀kọ́ kan lórí èdè àti ẹ̀tàn di dandan. Kí ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lè wọlé, lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe àfikún ẹ̀kọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ní ètò ẹ̀kọ́ ti kún àkúnya, kí ó rántí pé yunifásitì ti sọ Gẹ̀ẹ́sì di dandan ná. Ó ti gbà, nígbà náà, pé èdè ṣe kókó. Èdè ta ni ó ṣẹ́kù láti yanjú.

Àwọn olùkọ́ èdè pàápàá kò gbọdọ̀ jókòó dúró de ìpè. Olè ti kọ́ èdè ìyá oní-ìyá. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí aṣọ́lé kò bá gbọ́ ọ.