Ẹ Mú Ọmọ Dé Fushimi Inari, Ṣùgbọ́n Ẹ Dáhùn Ìbéèrè Rẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ló ń gbé òkè òkun báyìí, àwọn mìíràn a sì máa mú ọmọ rìnrìn-àjò ìsinmi dé orílẹ̀-èdè Japan. Bí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá dé ìlú Kyoto, ọ̀rọ̀ kan sábà máa ń délẹ̀: ṣé kí a mú àwọn ọmọ lọ sí Fushimi Inari, àbí kí a gba ibẹ̀ kọjá? Àwọn kan á ní ojúbọ òrìṣà ni, ọmọ onígbàgbọ́ tàbí ọmọ mùsùlùmí kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀. Àwọn kejì á ní kí ló kàn wá, fọ́tò la fẹ́ yà. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ló ń fi nǹkan du ọmọ. Ó yẹ kí a mú ọmọ lọ, ṣùgbọ́n kí a mú un lọ bí àlejò tó mọ̀ pé ilé onílé lòun wà.

Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé ọdún 711 ni wọ́n dá ojúbọ náà sílẹ̀ fún Inari, òrìṣà ìrẹsì àti irè oko, tí àwọn oníṣòwò náà wá ń bọ nígbà tó yá. Ẹsẹ̀ òkè kan tó ga tó mítà 233 ló wà. Wọ́n to àwọn ẹnu-ọ̀nà onígi tó pupa bí osùn, tí wọ́n ń pè ní torii, tẹ̀léra wọn gòkè lọ, wọ́n sì tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọn kì í gba owó ìwọlé, wọn kì í sì í ti ibẹ̀ pa, tọ̀sán-tòru.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò nìkan sọ̀rọ̀. Bí a bá ń gòkè, igi pupa lásán la máa rí. Ẹ ní kí ọmọ yíjú padà. Á rí i pé wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn àwọn igi náà: orúkọ ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tó fi ẹnu-ọ̀nà náà tọrẹ, àti ìgbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀. Ẹnì kan ń tọrọ nǹkan, ẹlòmíràn ń dúpẹ́ pé òun ti rí i gbà. Ọmọ ọdún méje mọ ohun tí ẹ̀bẹ̀ àti ọpẹ́ jẹ́. Bí a bá ṣàlàyé fún un, kò ní máa gun igi náà bí igi pápá ìṣeré. Bákan náà ni àwọn ère kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó wà káàkiri. Àwọn kọ́ ni òrìṣà náà. Ìránṣẹ́ Inari ni wọ́n. Òmíràn gbé kọ́kọ́rọ́ àká ìrẹsì sẹ́nu, òmíràn gbé ìwé tí a ká.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù ńkọ́? Wíwò kì í ṣe bíbọ. Ẹni tó wá jọ́sìn á sọ owó ẹyọ sínú àpótí, á tẹríba lẹ́ẹ̀mejì, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á tún tẹríba lẹ́ẹ̀kan. Àlejò tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gbà á lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jẹ́ẹ́. Omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú tí wọ́n fi ń ṣan ọwọ́ àti ẹnu kí wọ́n tó gbàdúrà. Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Bí òbí bá gbà kí ọmọ ṣan ọwọ́ níbẹ̀, kí ó ṣàn án bí wọ́n ti ń ṣàn án, kó má máa ta omi sára àbúrò rẹ̀. Òbí tí kò bá gbà, kó sọ ìdí rẹ̀ láìbú ẹnikẹ́ni. "Èyí kì í ṣe tiwa" yàtọ̀ sí "èyí burú," ó sì yẹ kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Àwọn ará Japan fúnra wọn a máa mú ọmọ lọ sí ojúbọ. Ní àyíká ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, wọ́n ń múra fún ọmọ ọdún 3, 5 àti 7, wọ́n á mú wọn lọ dúpẹ́, wọ́n á sì tọrọ ẹ̀mí gígùn fún wọn. Shichi-Go-San ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ á gba súìtì gígùn tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí súìtì ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹni tó ti rí wa fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ yóò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ká má tan ara wa, àtẹ̀gùn pọ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò wúlò níbẹ̀. Ẹ pọ̀n ọmọ kékeré. Yíyí gbogbo òkè ká lè gba wákàtí méjì, kò sì pọndandan. Ẹ tètè dé láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀.

Ọmọ tó bá ti lóye Inari yóò béèrè èyí tó le jù: "Bàbá mi, ṣé àwa náà ní irú èyí?" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń yí ọ̀rọ̀ padà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé tí UNESCO kà sílẹ̀ láti ọdún 2005. Òbí tó san owó ọkọ̀ òfurufú lọ wo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Inari, tó wá ń pe Ọ̀ṣun ní ohun ìtìjú lójú ọmọ kan náà, kí ló fi kọ́ ọ? Ó kọ́ ọ pé ti ẹlòmíràn ni àṣà, ti babańlá tiwa ni òkùnkùn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀wọ̀ tí a fún Inari ní Kyoto, kí a má fi du Ọ̀ṣun nílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ń gbèrò àtilọ, ẹ lọ. Ẹ ka ìtàn Inari díẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀, kí ẹ sì múra ìdáhùn nípa Ọ̀ṣun sílẹ̀, torí ọmọ yóò béèrè.